Bí Mo Ṣe Kí Ọba inú Kọ̀ǹpútà

Lọ́dún tí àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì títí ọyẹ́ fi dé bá wa nílé, mo di jagunjagun ẹlẹ́ṣin ní Basawa. N kò ní ẹṣin, irin tí mo sì ti dì mú rí kò ju ṣíbí lọ. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà wà nílé ọ̀rẹ́ mi, géèmù kan sì wà nínú rẹ̀ tó kún fún iwin, àjẹ́, àti ejò abìyẹ́ tí ń yọná lẹ́nu. Gbogbo ẹlòmíràn tó ń ta géèmù náà ládùúgbò, idán ni wọ́n fi ń ṣẹ́gun. Èmi kọ̀. Ìtàn ni mo ń kọ́ ní yunifásítì ní Samaru, mo sì mọ bí àwọn jagunjagun Yúróòpù ayé àtijọ́, àwọn tí ń fi irin bora láti orí dé àtàǹpàkò, ṣe ń gbé ayé wọn. Géèmù ò ní sọ mí di púrúǹtù.

Nítorí náà, jagunjagun tèmi kò lo idán. Kò mu àgbo tí ń wo ọgbẹ́ sàn lójú ẹsẹ̀. Kì í jà lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí wọ́n bá ń nà án lọ́jọ́ náà, a máa sá. Mo fi í sínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, ebi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nínú igbó tí ẹran kún bámúbámú. Òfin tó ga jù lọ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn ń kú. Bí ó bá kú, mo máa pa á rẹ́ pátápátá.

“Haba! Ìwọ nìkan lo lè sọ ìgbádùn di ìdánwò,” ọ̀rẹ́ mi wí. Ọmọ Kàbà ni, ṣùgbọ́n Sabon Gari ni wọ́n bí i sí; Hausa ló fi ń bínú, Yorùbá ló fi ń bẹ̀bẹ̀.

“Ẹ̀yin tí iná ń jáde látẹ́lẹwọ́ yín, irú ogun wo lẹ ń jà?”

“Irú èyí tí à ń ṣẹ́.”

Bàbá rẹ̀ ló ni kọ̀ǹpútà náà. Ìjọba ti gbé iṣẹ́ wọn lọ sí Lọ́kọ́ja, ọ̀la sì ni ẹrù ń lọ. Wọ́n ní bí àwọn bá ti ra páálí dé láti àdúgbò PZ nírọ̀lẹ́, inú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń wọ̀. Jagunjagun mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ààfin lẹ́yìn gbogbo ìyà ọyẹ́ yẹn. Ó ku kí ọba fi í joyè, kí gbogbo ẹni tó ń fi mí rẹ́rìn-ín gbẹ́nu dákẹ́. Bí kò bá joyè lọ́sàn-án yẹn, ó parí.

Mo tẹ bọ́tìnì tí ń tọ́jú ibi tí a bá dé, mo wọ ààfin. Ìgbà náà ni ìyá ọ̀rẹ́ mi wọlé wá ká aṣọ fèrèsé. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi.

“Ta ló jókòó yẹn?”

“Ọba ni, mà.”

“Ìwọ wá dà?”

Mo nàka sí irin gàgàrà tó wà níwájú.

“O wá dúró gbọnrangandan níwájú ọba bí òpó NEPA? Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?”

“Màmá, géèmù ni,” ọ̀rẹ́ mi wí.

“Ọba ò ní géèmù. Kí wọn!”

Mo rò ó. Ó wà nínú ìwé ìtàn tí mo kà pé jagunjagun a máa kúnlẹ̀ fún olúwa rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé àti ẹ̀kọ́ yunifásítì fohùn ṣọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi! Géèmù náà kò ní bọ́tìnì ìdọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní èyí tí ń mú ènìyàn lóṣòó. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo lóṣòó, mo rá sún mọ́ orúnkún ọba, mo wá tẹ bọ́tìnì ọwọ́ láti kí i.

Ohun tí gbogbo ọmọ Basawa mọ̀, tí èmi oníwà mímọ́ kò mọ̀, ni pé olè nìkan ní ń lóṣòó nínú géèmù yẹn. Ẹni tó bá lóṣòó tọ ènìyàn lọ tó sì nawọ́, àpò ló fẹ́ yọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fa idà yọ.

“Kai! Dìde, sá!”

“Jagunjagun kì í sá!”

“Ṣebí ò ń sá ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi?”

“Kí ló ṣe tí wọ́n fi ń nà án?” Màmá béèrè.

“Ó kí ọba ni, mà.”

“Torí ó kí ọba?”

Ìlà pupa tó dúró fún ẹ̀mí rẹ̀ ti tín-ín-rín bí òwú. Ẹ̀ṣọ́ kan gbé àáké sókè. NEPA mú iná lọ.

Ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Àwọn ọmọdé ìta kígbe ìbànújẹ́ wọn. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà, ṣùgbọ́n “Alhamdulillahi” ló jáde lẹ́nu mi.

“Ó ti kú,” ọ̀rẹ́ mi wí. “Òfin ẹ ni. Pa á rẹ́.”

“Ṣé o rí òkú?”

“Àáké wà lókè!”

“Àáké tó wà lókè kò tíì pa ẹnì kankan.”

Màmá ká aṣọ fèrèsé lé apá. “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹni tí àáké ò bà, kò kú. Ó tán.”

Ẹjọ́ parí. Nígbà tí iná dé, jagunjagun mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin níbi tí mo tọ́jú rẹ̀ sí, ara rẹ̀ le koko. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ṣe bí àwọn ẹlẹ́ṣin ọjọ́ Sallah nínú Zaria, àwọn tí ń fi tìmùtìmù bo ẹṣin, tí wọ́n ń sáré dé iwájú ọba, tí wọ́n á dá dúró gìrì, tí wọ́n á na idà sókè. Jagunjagun gidi nìyẹn o, ọdọọdún ni wọ́n ń kọjá níwájú mi, n kò sì fi ojú ẹ̀kọ́ wò wọ́n rí.

“Kó tún fa idà yọ?” Màmá wí. “Má kí i mọ́. Ọba tí kò mọ ìkí, dúró tì í bẹ́ẹ̀.”

Mo dúró bí òpó NEPA. Mo bá a sọ̀rọ̀. Ó fi mí joyè láìmira lórí ìtẹ́. Èémí tí mo mí nígbà náà, ó tó fẹ́ eruku kúrò lórí kọ̀ǹpútà náà.

Gẹ́étì dún: Bàbá dé pẹ̀lú páálí. Mo jáde sí àgbàlá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan iyanrìn ọyẹ́. N kò tètè gbórí sókè. Ojú mi ń wo ọwọ́ wọn, kí idà má lọ yọ níbẹ̀.

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Dìde, gba páálí yìí.”

Mo gbọn eruku àyà mi, mo gbà á.