Dókítà Ní Kò Ranni, Síbẹ̀ Mò Ń Dá Jẹun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tójú mi rí lọ́dún 1986. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí tapuráítà yìí, torí náà tí ẹ bá rí àṣìtẹ̀, ẹ fojú fò ó!

Láti kékeré ni mo ti ń wúkọ́. Àǹtí mi, ọmọ ìyá mi, ló tọ́ mi lẹ́yìn tí màmá wa kú. Inú àwo kan ṣoṣo la ti jọ ń jẹun.

Lọ́dún yẹn, ikọ́ náà yíwọ́. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ki bí oje igi, ó láwọ̀ ewé, mo wá ń rù. Àwọn ará ilé wa l'Agbowó ní ikọ́ ife ni. Ta ló bi wọ́n? Ni Àǹtí mi bá ra àwo tuntun fún mi, wọ́n ní kí n máa jẹun ní kọ́rídọ̀.

Nígbà tí mi ò lè mí mọ́, wọ́n gbé mi lọ sọ́síbítù. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, kò sí ikọ́ ife níbẹ̀. Dókítà wá ń bi mí bóyá iyọ̀ máa ń hàn lára ẹ̀wù mi tí òógùn bá gbẹ. Mo ní kí ló kan òógùn nínú ọ̀rọ̀ ikọ́? Àṣé ó mọ ohun tó ń wá! Wọ́n yẹ òógùn mi náà wò, iyọ̀ inú ẹ̀ pọ̀ jù. Ó ní wọ́n bí i mọ́ mi ni, cystic fibrosis lorúkọ ẹ̀. Kò wọ́pọ̀ láàárín wa, kì í sì í ranni. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki yẹn ni kòkòrò fi ń ráyè gbé nínú ẹ̀dọ̀fóró mi.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ antibáyótíìkì. Apá mi wú. Nọ́ọ̀sì á máa gbá mi lẹ́yìn kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè já. Ọwọ́ tiẹ̀ nìkan ló ń kan ara mi nígbà yẹn.

Àǹtí mi ń gbé oúnjẹ wá, àmọ́ ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ni wọ́n ń dúró. Dókítà pè wọ́n, ó ṣàlàyé, wọ́n dúpẹ́ gan-an. Lọ́jọ́ kejì, ẹnu ọ̀nà náà ni! Mo bá fariga. Mo ní tó bá ń ranni, ṣé kò bá ti ràn wọ́n tipẹ́? Gbogbo wọ́ọ̀dù ń wò wá.

Wọn ò bínú. Wọ́n kàn gbọ́wọ́ lé ikùn.

"Àbúrò mi, oyún ni. Àwọn tó ṣáájú ò dúró. Mo gba dókítà gbọ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí."



Abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́. Mo dùbúlẹ̀ sùn, mi ò jókòó sùn mọ́! Dókítà kìlọ̀ pé ikọ́ náà máa padà wá, pé tó bá ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kí n sáré wá, kí n má lọ máa ra kápúsù méjì méjì ní kẹ́míìsì.

Kí n tó jáde, Àǹtí mi ti gba yàrá fún mi l'Apẹ́tẹ̀, wọ́n ní títí àwọn á fi bímọ. Wọ́n ti bímọ báyìí. Mo ránṣẹ́ pé mò ń bọ̀ wá kí ọmọ. Wọ́n ní kí egungun ẹ̀ gbó díẹ̀ ná. Mi ò tíì gbé e rí.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí ẹ gba abẹ́rẹ́ yín pé. Tẹ́nì kan bá sì ń wúkọ́ nílé yín, ẹ bi dókítà kí ẹ tó ya àwo ẹ̀ sọ́tọ̀, torí yíyà á rọrùn, ìdápadà ló le.

Ẹ̀yin tí èèyàn yín ti sá fún rí torí àìsàn, báwo lẹ ṣe padà wọlé? Ẹ kọ̀wé sí mi. Mo fẹ́ mọ ohun tẹ́ ẹ sọ fún wọn.