Ẹni Tó Gba Ife Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ rín in tán báyìí kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró mọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Èmi gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí. Ká sọ òótọ́, aṣọ wà lójú mi nígbà náà, ṣùgbọ́n etí mi gbọ́ ọ, ọwọ́ mi sì kàn án.

Ayé òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ wa ni. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe ní Ọ̀yọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Akẹ̀sán. Gbogbo ẹni tó bá ti rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó ló fẹ́ wọ kóòtù nígbà náà, nítorí náà ọwọ́ mi kì í dilẹ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ méjì tí a jọ dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọ̀kan ni Sàlámì, tó ń ta obì. Mùsùlùmí gidi ni. Láti kékeré, ọtí kò kan ètè rẹ̀ rí. Èkejì ni Lájídé, tó ń ṣe kúkù fún òyìnbó oníṣòwò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Nǹkan kan wà tó yẹ kí n sọ nípa Lájídé. Àdùkẹ́ tí mo ń múra láti gbé níyàwó nígbà náà, Lájídé ló kọ́kọ́ yọjú sí i. Àwọn ará ilé rẹ̀ kò gbà fún un. Èmi ni wọ́n gbà fún. Lájídé bọ̀ mí lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí nǹkan kan. Mo gbà á gbọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀ ná.

Ó ránṣẹ́ sí wa lọ́jọ́ kan pé ọ̀gá òun ti lọ sí Èkó, kò sì ní tètè dé. Ilé ṣófo. Kí á wá fi Sátidé àti Sọ́ńdè sinmi lọ́dọ̀ òun. Ó ní ọ̀gá fi àwọn ìgò wisikí kéékèèké kan ta òun lọ́rẹ, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ọtí máa ń fi ránṣẹ́ sí oníṣòwò kó lè tọ́ ọ wò kó tó rà. Ó ní ọtí yẹn, mo gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò kí n tó di ọkọ ìyàwó.

Inú mi dùn. Sàlámì náà ní òun ní obì tí òun fẹ́ gbé lọ sí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ kan náà. Bí a ṣe kírun Jímọ̀ tán ni a gbéra. Èmi kọ́ ni mo kírun o, Sàlámì ni. Èmi kàn ń dúró dè é níta. A sùn lójú ọ̀nà, a sì wọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, tòun ti eruku lẹ́sẹ̀.

Ilé òyìnbó náà wà lẹ́yìn ìlú, ilé onípáànù tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ níwájú. Lájídé pa adìẹ fún wa. A jẹun, a yó. Lẹ́yìn náà ló gbé àpótí pákó kékeré kan jáde.

Ẹ gbà mí gbọ́, àwọn ìgò yẹn wuyì. Wọn kò tóbi ju àtàńpàkò lọ púpọ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀wé débi kó ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn, ṣùgbọ́n àwòrán wà lára ìkọ̀ọ̀kan: òdòdó lára ọ̀kan, ilé olókùúta lára èkejì, kọ́kọ́rọ́ lára ẹ̀kẹta. Lájídé ní kì í ṣe ọtí kan ṣoṣo ló wà nínú ìgò kan. Ńṣe ni àwọn òyìnbó máa ń po oríṣiríṣi pọ̀, èyí tó le àti èyí tó rọ̀, títí adùn gbogbo wọn yóò fi di ọ̀kan.

Ó kọ́ wa ní eré tí ọ̀gá rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe. Wọ́n á fi aṣọ di ojú, wọ́n á mu díẹ̀ nínú ife kan náà, wọ́n á wá sọ ìgò tí ọtí náà ti wá. A ní kí Sàlámì máa bu ọtí fún wa, nígbà tí òun kò kúkú ní mu. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí a máa jẹ́ kí òun lọ fọ ọwọ́ òun léraléra. A rẹ́rìn-ín.

A kọ́kọ́ tọ́ gbogbo wọn wò lójú lásán kí a lè dá wọn mọ̀, àfi ti kọ́kọ́rọ́. Lájídé ní ìyẹn ló dára jù, kí a fi í pamọ́ fún ìgbẹ̀yìn. Ti òdòdó rọ̀ bí oyin tí wọ́n bu omi lù. Ti ilé olókùúta ń rùn bí ẹ̀ẹ́fín ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, ó sì ń ta ènìyàn lọ́fun. Kò jọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn, Lájídé mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti wo ọgbà tí òyìnbó gbin ewébẹ̀ sí. Sàlámì lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo ọ̀nà. Nígbà tí a padà wọlé, ìgò ilé olókùúta ti ṣófo ju ìdajì lọ. Ìdérí rẹ̀ sì wà lórí tábìlì.

Mo yíjú sí Sàlámì. N kò rò ó kí n tó sọ ọ́. Mo ní, "Sàlámì, ṣé ìwọ ni?"

Ojú rẹ̀ yí padà. "Èmi? Ọtí? Ìwọ tí a jọ dàgbà lo ń bi mí bẹ́ẹ̀?"

Ojú tì mí. Kí n tó bẹ̀ ẹ́, Lájídé ti já lu ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ fi sílẹ̀. Bóyá èmi ni mo mu ún lánàá."

Ẹ gbọ́ mi o. Gbogbo wa ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ ṣí ìgò yẹn. Báwo ló ṣe máa mu ún lánàá? Láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọwọ́ Lájídé.

Sàlámì lọ kí ìrun alásárì rẹ̀ níta. Kó tó padà, èmi àti Lájídé ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a ti di ojú wa. Lájídé wà lápá òsì mi. Apá ọ̀tún mi ṣófo títí dé ògiri. Mo gbọ́ tí Sàlámì wọlé, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọtí.

Ó fi ife sí mi lọ́wọ́. Mo mu díẹ̀, mo mọ̀ pé ti òdòdó ni. Kí n tó gbé e fún Lájídé, ọwọ́ kan ti gba ife náà lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́. Ọwọ́ náà tutù bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú omi. N kò fi ṣe nǹkan kan. Mo rò pé Lájídé ni.

Àfi bí Lájídé ṣe sọ̀rọ̀ láti apá òsì mi. "Télọ̀, ṣé o fẹ́ dá a mu ni? Gbé e wá."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé apá ọ̀tún ni wọ́n ti gba ife náà.

Mo fi Ọlọ́run búra, n kò purọ́. Mo fẹ́ ṣí ojú mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbà láti gòkè. Ẹni náà dá ife padà fún mi. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí Lájídé sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí á gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn àlejò mi lọ ná."

Mo ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Kò sí. Ọtí ló ń pa mí."

Ọtí wo? Ẹ̀kán ọtí díẹ̀ yẹn? Lájídé tí mo mọ̀, tó lè mu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́?

Ó wá ní ó tó àkókò fún ti kọ́kọ́rọ́, pé òun fúnra òun ni yóò bu ìyẹn. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe dìde. Mo gbọ́ tí ìdérí ìgò ṣí. Ó fi ife sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Tìrẹ nìyí, ọkọ ìyàwó. Mu gbogbo rẹ̀."

Mo gbé e súnmọ́ ẹnu. Mo ti ń gbóòórùn rẹ̀.

Èémí tútù kan fẹ́ sí etí ọ̀tún mi. Ohùn ọkùnrin ni, ohùn ẹni tó ti rẹ̀. Ó ní, "Má mu èyí."

Mo já aṣọ kúrò lójú. Kò sí ẹnikẹ́ni lápá ọ̀tún mi. Lájídé dúró níwájú mi tòun ti ìgò lọ́wọ́, aṣọ ti kúrò lójú rẹ̀. Sàlámì wà lẹ́yìn tábìlì, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ mi.

Ó ní, "Níbo ló gbà?"

"Ta ni?"

"Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ sí ẹ létí. Ó ti jókòó tì ẹ́ láti ìgbà tí mo ti kírun dé. Mo kí i, ó mi orí sí mi. Mo rò pé ará ilé ni."

Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run nígbà náà o. Ìmọ́lẹ̀ kún pálọ̀ yẹn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó jáde níbẹ̀, ẹ̀yìn Sàlámì ló wà.

Mo na ife sí Lájídé. Mo ní, "Ìwọ mu ún."

Ó wo ife náà títí. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Nítorí Àdùkẹ́ lo ṣe ń rò báyìí, àbí?"

Èmi kò dárúkọ Àdùkẹ́. Láti ìgbà tí a ti dé, ẹnikẹ́ni nínú wa kò dárúkọ rẹ̀.

Ó gba ife lọ́wọ́ mi, ó da ọtí inú rẹ̀ gba ojú fèrèsé. Ó da èyí tó kù nínú ìgò náà tẹ̀lé e. Ó ní ọtí ti tó fún ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ó jókòó, ó bo ojú rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ẹkún ló ń sun.

Èmi àti Sàlámì kó ẹrù wa, a jáde. A kò dágbére.

A lọ wọ̀ sílé oníbàárà Sàlámì kan ní Ọjà Igbó. Ìyá àgbà tó wà nílé náà rí ojú wa, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló lé yín?" Sàlámì sọ ọ́ fún un. Ó ní ọkùnrin náà ga, ó pọ́n, ó wọ aṣọ funfun bíi ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó.

Ìyá náà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ó ń fi ọwọ́ kan di ikùn mú?"

Sàlámì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá ní ọkùnrin náà ló ń ṣe kúkù nílé yẹn tẹ́lẹ̀. Inú ló run ún lọ́jọ́ kan tó jẹun tán. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Àbúrò rẹ̀ tó wá kí i lọ́jọ́ náà ló gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀, òun náà ló sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Àbúrò rẹ̀. Lájídé nìyẹn. A mọ̀ pé Lájídé ní ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n tọ́ ní ìlú mìíràn, tí a kò fojú rí rí, tó bá òyìnbó ṣiṣẹ́ lọ. Nígbàkúùgbà tí a bá béèrè rẹ̀, Lájídé máa ń sọ pé Kánò ló wà, pé ara rẹ̀ le.

Mo gbé Àdùkẹ́ níyàwó. Lájídé kò wá, mo sì dúpẹ́ pé kò wá. Sàlámì kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ó ní òun kò fẹ́ fẹ̀sùn kan ènìyàn lórí ohun tí òkú sọ.

Ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ nígbà tí Lájídé yọ sí mi ní ìsọ̀ mi l'Ákẹ̀sán, ní ọ̀sán gangan, tí ọjà kún. Ó ti rù. Kò jókòó. Mo bọ́ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi bí ẹni tó ń fi í ṣe odi.

Ó ní, "Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún ẹ lọ́jọ́ yẹn, èmi náà gbọ́ ọ. Ṣé o gbà á gbọ́?"

Mo tẹjú mọ́ aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ mi.

Ó ní, "Irọ́ ló pa. Ó wá sínú ilé yẹn láti ba gbogbo ọ̀rẹ́ mi jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Gbogbo ẹni tí mo bá gbà lálejò ló ń sọ ọ́ fún. Mo rò pé ìwọ kò ní gbà á gbọ́."

Mo béèrè ìdí tó fi da ọtí náà nù nígbà náà. Ó wò mí. Ó yíjú padà, ó bọ́ sáàárín èrò ọjà. N kò fojú kàn án mọ́ di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Mo ti dàgbà. Mo ti ní ọmọ-ọmọ. Lọ́jọ́ míì, mo máa ń rò pé òkú ló gba ẹ̀mí mi là. Lọ́jọ́ míì ẹ̀wẹ̀, mo máa ń rò pé òkú ló gba ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ mi, tó sì jẹ́ pé èmi ni mo bá a ṣe é.

Ẹ gbọ́ o: bí ẹnì kan tí ẹ kò rí ojú rẹ̀ bá kìlọ̀ fún yín nípa ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ẹ má mu ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dìde kúrò níbẹ̀. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń wá. Èmi kò bi í.