Etelka Kò Fi Tirẹ̀ Kún Un

Bodnár Etelka kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Òun ló kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá sì fẹ́ bá àlejò sọ̀rọ̀ ní abúlé wa, ilẹ̀kùn rẹ̀ ló máa kàn.

Lọ́dún kan, ọ̀rẹ́ mi Boldizsár fẹ́ pa ẹlẹ́dẹ̀ ìgbà òtútù. Ilka, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, mú ọkùnrin kan bọ̀ láti Ìlú Ọba, Clive lorúkọ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ fẹ́ra. Boldizsár ní òun ò tíì gbà, àfi bí òun bá bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ó ní Ilka ò sì gbọdọ̀ ṣe ògbufọ̀.

"Ọmọ tí ìfẹ́ ń pa, irọ́ ò jìnnà sí i lẹ́nu."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Etelka.

Àárọ̀ kùtù ni, a dúró sí àgbàlá nínú yìnyín. Boldizsár bu pálinka, ọtí líle tí wọ́n fi èso ṣe, fún àlejò. Clive gbé e mì, ojú rẹ̀ pọ́n. "Náìsì," ló wí.

"Ó ní ó dùn," Etelka sọ.

Clive wo ilé. "Náìsì."

"Ó ní ó lẹ́wà."

Ó wo ẹlẹ́dẹ̀. "Náìsì."

"Ó ní ó sanra dáadáa."

Boldizsár kọjú sí Etelka. "Tíṣà, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀ látàárọ̀. Ṣé ìwọ lò ń bá a sè é ni?"

"Mi ò sè é, Bàbá Ilka. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Ẹ̀wù kan ṣoṣo ni, gbogbo nǹkan ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún."

"Ó dáa. Bi í, irú èèyàn wo ni Ilka?"

Ó bi í. Clive wo Ilka lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Náìsì."

Ẹ̀rín ń pa mí. Boldizsár ò rẹ́rìn-ín. Etelka ì bá ní oníwà tútù, ì bá ní arẹwà, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ilka ń fojú bẹ̀ ẹ́.

"Eléyìí, mi ò ní túmọ̀ ẹ̀," Etelka wí. "Ohun tó ní lọ́kàn ò yé mi. Tí mo bá fi tèmi kún un, èmi lẹ máa fọ́mọ yín fún, kì í ṣe òun."

Ó yíjú sí Clive, ó bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ iléèwé wí. Ọkùnrin náà wá ń sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀.

"Ó ní nígbà tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, òun ò sọ fẹ́nì kankan. Òun á múra láàárọ̀, òun á lọ jókòó síbùdó rélùwéè. Ilka bá òun níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kò bú òun. Ó jókòó, ó gé búrẹ́dì ẹ̀ sí méjì, ó fún òun níkan. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mi ò fi iyọ̀ sí i."

"Ṣé ó ti wá ríṣẹ́?"

Etelka bi í. "Ó ní òun ti rí i."

Boldizsár fọwọ́ nu imú. "Ọkùnrin tó lè sọ ìtìjú ara ẹ̀ fún mi, tí mo mú ọ̀bẹ lọ́wọ́..." Kò parí ẹ̀. "Sọ fún un kó wá di ìrù ẹlẹ́dẹ̀ mú. Iṣẹ́ àna tuntun nìyẹn."

Clive fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, bí ẹni pé ẹlẹ́dẹ̀ fẹ́ sá lọ sí Ìlú Ọba. Etelka ti wọlé, ó ń bó àlùbọ́sà.