Àǹtí Gbé-e-Kúrò àti Àga Bàbá Dẹ́rẹ́bà

Ọjọ́ tí Àǹtí Gbé-e-Kúrò gbé baálé ilé jù síta tòun ti àga rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló rí i, àwọn tí kò sì rí i ti sọ ọ́ títí ó fi dà bíi pé àwọn gan-an ni wọ́n gbé.

Iṣẹ́ àtúnṣe inú ilé ni Àǹtí ń ṣe nígbà ayé rẹ̀. Kì í ṣe ilé kíkọ́ o, inú ilé ni: ibi tó yẹ kí àga wà, irú ọ̀dà tó yẹ ògiri, ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ máa gbà wọlé. Ó kọ́ ọ níléèwé, ó gbàwé ẹ̀rí. Bó bá sì wọ ilé èèyàn, kó tó kí onílé tán, ó ti nawọ́ sí nǹkan kan: "Ẹ gbé e kúrò." Ibẹ̀ lorúkọ ti wá.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, àga onífóòmù kan ló nawọ́ sí, àga tó tóbi bíi màlúù tó dùbúlẹ̀. Bàbá Dẹ́rẹ́bà ló jókòó sínú rẹ̀, ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Aránṣọ, ló lọ bẹ Àǹtí níṣẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀."

"Mi ò dìde."

"Díẹ̀ báyìí ni, sà."

Bàbá di apá àga mú gírígírí. "Ẹni tó bá fẹ́ gbé àga yìí, kó gbé e tòun tèmi!"

Ọ̀rọ̀ ìbínú lásán ni, gbogbo èèyàn ló mọ̀. Àmọ́ Àǹtí kọjú sí kápẹ́ńtà méjì tó tẹ̀ lé e wá. "Ẹ ti gbọ́. Bàbá ti fọwọ́ sí i. Ẹ gbé wọn kúrò."

Kí Màmá Aránṣọ tó ní "Yéè!", Bàbá ti gòkè, ó ti ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá bí ọba tuntun. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sétí títì. Bàbá ò sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àga o, torí ọkùnrin kì í pohùn dà. Ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ń wo iwájú. Obìnrin kan tó ń kọjá dúró, ó wo àga, ó wo Bàbá.

"Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá. Ṣé títà lẹ fẹ́ ta àga yẹn?"

"Àga kọ́," ni Bàbá dáhùn. "Ìyàwó ni mo fẹ́ tà. Ó wà nínú ilé."

Ká sòótọ́, Màmá Aránṣọ ò pe Àǹtí torí ẹwà. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀, inú àga yẹn ló ń gbé. Pálọ̀ wọn ṣókùnkùn bí inú ìkòkò. Kọ́bọ́ọ̀dù gìrìwò kan dí fèrèsé ńlá pa, kọ́tìnì tó nípọn bí aṣọ òtútù bo kékeré, tábìlì àárín sì fẹ̀ débi pé bí alákàn lèèyàn ń rìn kọjá. Bàbá kì í jáde mọ́, kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Èyí tó wá dẹ́rù ba ìyàwó rẹ̀ jù ni pé kì í jà mọ́. Ọkùnrin tó ti bá gbogbo onímọ́tò fa wàhálà rí, ọbẹ̀ jóná lójú rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó ní o ṣé.

Omi lé ròrò sójú Màmá Aránṣọ nígbà tó ń rò ó fún Àǹtí ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀. "Àǹtí, ọkọ mi ń di àga lọ. Bó bá pẹ́ sí i, àkísà ni màá máa fi nu eruku lára ẹ̀."

"Ẹ má sunkún, Màmá. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ n wo ilé ná."

Wíwò tí Àǹtí ń wolé, ìran ni! Á jókòó sórí gbogbo àga. Á nà gbalaja sílẹ̀ nínú pálọ̀, tòun ti gèlè, á máa wo síílìnì. Á ní kí onílé dijú, kó rìn láti yàrá dé ilé ìdáná. Ibi tó bá ti fẹsẹ̀ kọ nǹkan, á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Nílé Màmá Aránṣọ, wọ́n ní láti lọ ra ṣọ́ọ̀kì kún ṣọ́ọ̀kì.

Pẹ́ńtà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Àǹtí ní kó fi oríṣiríṣi funfun kun ara ògiri kan. Ó ń wá wò wọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, bí ìyá tó ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tára ẹ̀ gbóná.

"Àǹtí, ẹ dákun, funfun ni funfun!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Èyí, funfun eyín ni. Èyí, funfun ẹ̀gẹ́. Tọ̀hún yẹn, funfun ojú ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran."

Pẹ́ńtà mí kanlẹ̀. "Èwo wá ni ká kùn?"

"Kò sí nínú wọn. Yẹ́lò."

Ọkọ Àǹtí, tíṣà jẹ́jẹ́ kan, ló jìyà jù. Òun nìkan lọkùnrin tó ń béèrè ọ̀nà nínú ilé ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ló tibi iṣẹ́ dé, ó fẹ̀yìn jókòó síbi tí àga wà láàárọ̀. Àga ti kó lọ. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló wà tó fi ké pe ìyàwó rẹ̀: "Ṣé bó bá yá, wọ́n á gbé èmi náà kúrò?"

"Rárá o, olówó orí mi. Ẹ̀yin bá kọ́tìnì mu."

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Bàbá létí títì. Àǹtí ń wọn ògiri lọ nínú ilé, Màmá Aránṣọ di téèpù mú fún un, nígbà tí ariwo ta níta: "Rọra! Yí ọwọ́ ọkọ̀ sósì! Òsì ni mo wí! Ta ló kọ́ ẹ lọ́kọ̀ wíwà, ìyá ìyàwó ẹ ni?"

Téèpù bọ́ lọ́wọ́ Màmá Aránṣọ. "Ohùn Bàbá wọn nìyẹn!"

Wọ́n sáré dé ẹnu ọ̀nà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló ń fẹ̀yìn rìn wọ àdúgbò, òógùn ti bo awakọ̀. Bàbá ò kúrò lórí àga o, ọwọ́ ló ń jù sókè sódò, ó ń darí ọkọ̀. Nígbà tọ́kọ̀ sì yege, Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín! Màmá Aránṣọ ti gbàgbé bó ṣe máa ń dún.

Àǹtí ò tiẹ̀ wo Bàbá. Ibi tójú Bàbá kọ sí ló ń wò. Ó yíjú padà, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù tó dí fèrèsé.

"Ẹ gbé e kúrò."

"Kọ́bọ́ọ̀dù mi?" ni Màmá Aránṣọ wí.

"Màmá, ọjọ́ ayé ọkùnrin yìí, iwájú gíláàsì ló fi ń jókòó, títì ló ń wò. Ẹ wá gbé e kọjú sógiri. Ta ni ò ní dàga?"

Nígbà tíṣẹ́ parí, ìmọ́lẹ̀ ń ṣàn ní pálọ̀ bí omi. Ògiri ń rẹ́rìn-ín, kọ́tìnì fúyẹ́, tábìlì fàákàjá ti lọ. Síbẹ̀ gbogbo ilé ṣì ń fẹ̀gbẹ́ rìn kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ ń tọrọ gáfárà. Màmá Aránṣọ rán aṣọ tuntun wọ àga náà, wọ́n sì gbé e síwájú fèrèsé ńlá, kó kọjú sí oríta. Bàbá wọlé, ó yínmú, ó jókòó. Takisí kan yà láìfi iná sọ ibi tó ń lọ.

"Ẹ wo ọmọ yìí! Ẹ wo aláìnírònú!"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá gbé ṣíbí kalẹ̀, ó ní iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀, ó sì bínú gidi. Màmá Aránṣọ wọ ilé ìdáná lọ, ó jó.

Ọdún ń gorí ọdún, àìsàn wá dá Àǹtí dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn. Ṣé á wá jókòó jẹ́jẹ́? Ó bẹ àwọn nọ́ọ̀sì títí wọ́n fi yí gbogbo bẹ́ẹ̀dì padà, káwọn aláìsàn lè máa wo igi níta dípò ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bàbá àti Màmá Aránṣọ wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà wọlé, tó wò yíká, tó ní "Ẹ má bínú," tó sì jáde padà. Ó rò pé òun ṣi yàrá wọ̀ ni. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, Bàbá àti Màmá Aránṣọ ti ibi ìsìnkú délé. Bàbá jókòó síwájú fèrèsé. Bọ́ọ̀sì kan yà bí ẹni tó mutí, Bàbá ò wí nǹkan. Ọ̀kadà gba ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, Bàbá ò wí nǹkan. Màmá Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wo ẹ̀yìn orí ọkọ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń sọ pé, ó tún ti lọ.

Bàbá dìde. Ó fa àpótí tí ìyàwó rẹ̀ fi ń jókòó ránṣọ nílé wá, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ó sún un síwájú díẹ̀, ó wò ó, ó sún un sẹ́yìn.

"Kí lẹ ń wá, Bàbá wọn?"

"Wò ó, ibí yìí gba èèyàn méjì. Àtijọ́ lobìnrin yẹn ti fàyè sílẹ̀, àwa la ò fiyè sí i." Ó fọwọ́ gbá àpótí náà. "Wá jókòó."

Màmá Aránṣọ jókòó. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọlé, ó sùn sára ògiri. Èjìká wọn kan ara wọn. Takisí kan já wọ oríta láìwo ọ̀tún, láìwo òsì.

"Ẹ ò ní bá a wí?" ni Màmá Aránṣọ bi í.

"Ìwọ bá a wí. Ó ti rẹ̀ mí lónìí."

Màmá Aránṣọ yọrí síta fèrèsé, ó sì bú onítakisí náà tẹ̀gàn tẹ̀gàn, títí Bàbá fi rọra fà á láṣọ pé, ìyá àwọn ọmọ, ó tó, ọmọ ọlọ́mọ ni.