Èjí tí Titus Fi Kún Eyín Rẹ̀

Èrò Òkukù àti Ìnísà ni Titus ń pè ní gáréèjì Ìkìrun. Kò mọ iṣẹ́ míì. Tó bá ké "Ìnísà" lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó wà lẹ́yìn ọjà á gbé ẹrù rẹ̀.

Kókó wá yọ sí i lókè ẹnu. Ó ní eyín ni, ó ń fi omi iyọ̀ yọ ẹnu. Kókó kì í gbọ́ ti iyọ̀. Ìgbà tó máa fi dé ọ̀dọ̀ dókítà n'Íbàdàn, àfi kí wọ́n gé lára egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè. Wọ́n gé e, eyín iwájú bá a lọ. Àjà ẹnu dihò, ó já sí imú. Tó bá mumi, imú lomi ń gbà jáde. Tó bá ní "Òkukù," ó ń ránmú bí ẹni tó kó orí sínú kèǹgbè.

Olúsọjí, alága gáréèjì, ọmọ àná, lọ ra gbohùngbohùn. Ó ní, "Bọ̀dá Titus, bóhùn yín ò bá padà, ẹ̀rọ tèmi kì í jẹun."

Dókítà fẹ́ ṣe ìdérí tó ṣeé yọ fún ihò náà, kí wọ́n to eyín àtọwọ́dá sí i níwájú. Ẹni tó lórí pípé á ní kí wọ́n ṣáà dí ihò òun. Titus ní kí wọ́n la èjí sí i.

Titus ò léjí rí. Eyín rẹ̀ fún pọ̀ bí àgbàdo lórí ṣùkù.

"Bàbá, atẹ́gùn á máa gba ibẹ̀ jáde," dókítà náà kìlọ̀. "Ọ̀rọ̀ yín ò ní já gaara."

"Ẹ ṣáà là á. Kó tiẹ̀ fẹ̀ díẹ̀."

Wọ́n là á. Ihò dí, ó yé ránmú, "Òkukù" ń jáde ketekete. Ó ń rẹ́rìn-ín kiri ìlú bí ọkọ ìyàwó. Lọ́jọ́ ọjà Ìnísà, ó dúró ní gáréèjì, ó ní "Ìnísà." Súfèé ló jáde. Ó tún un pè. Súfèé.

Ìyá arúgbó kan yíjú padà. "Ta lò ń súfèé sí? Ṣé ajá ẹ ni mí ni?"

Gbogbo gáréèjì rẹ́rìn-ín. Olúsọjí tan gbohùngbohùn.

Titus wá jókòó sórí táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èmi tí mò ń wakọ̀ Ìnísà. Mo ní èjí ò pèrò rí. Nílé, Wúrà ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Bàbá Ìtùnú, ṣé èjí la ó máa jẹ ni?"

Ó padà lọ, wọ́n ṣe òmíràn tí kò léjí. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó ké "Ìnísà." Ìyá arúgbó yẹn gbé ẹrù, ó wọkọ̀. Olúsọjí pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní bátìrì ló kú. Irọ́.

Titus ò ju eléjí nù o. Òun ló ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, á jókòó níwájú, á máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́sí, wọ́n ní kó wá jẹ́rìí ohun tí Olúwa ṣe sí ẹnu rẹ̀. Ó mirí pé rárá. Eléjí ló wà lẹ́nu rẹ̀.