Gàfárù àti Jíà Kẹrin

Wọ́n ní Gàfárù mẹkáníìkì ní alùjànnú tó ń bá a sọ̀rọ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ẹni tó sọ fún mi búra pé òun rí i tó gbé etí ti irin gígùn kan, tí ẹnu rẹ̀ ń jẹ wúyẹ́wúyẹ́. Mo ní ẹ̀jẹ̀ Jésù, n ò gbà á gbọ́. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìfọ́n, mo ka Sáàmù kan kí n tó sọ̀ kalẹ̀.

Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tí ọkọ mi fi sílẹ̀ ni mo gbé lọ. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu, òun ló sì ń kó ẹ̀gẹ́ wá síbi tí mo ti ń yan gàrí ní Ìlọ́bù. Jíà rẹ̀ ti ń lọ̀ bí ọlọ. Àwọn ará ilé ní, "Ṣé mẹkáníìkì ti tán ní Ìlọ́bù ni?" Ìjà ilẹ̀ ló wà láàárín Ìlọ́bù àti Ìfọ́n; mo ní ọkọ̀ tèmi kò bá ẹnikẹ́ni du ilẹ̀.

Irin alùjànnú yẹn, ara jíábọ́ọ̀sì ló fi orí rẹ̀ kan lé, ó fi orí kejì sí etí, ó ń gbọ́ ibi tó ti ń dùn. Bísímíláì ló ń wí lẹ́nu.

Ó ní, "Mọ́mì, èyí ti kú. A ó pààrọ̀ ẹ̀ ni." Ó tú ọ́ìlì rẹ̀ sínú abọ́, ó fi ìka pa á, ó nà án sí mi: irin wẹ́wẹ́ ń dán níbẹ̀ bí ojú ìyàwó tó kun atíkè.

Bó ṣe sọ ọ́ kalẹ̀ ló wù mí jù. Ó fi igi dábùú inú ọkọ̀, láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, ó ti okùn bọ ihò tí ọwọ́ jíà ń gbà yọ, ó sì rọra sọ ẹrù irin náà sílẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. N ò rò pé mo tẹ́ ìkankan nínú wọn bẹ́ẹ̀ rí.

Okùn yẹn náà ló fi fa jíábọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ tí a rà ní Òṣogbo gòkè. Nígbà tó dì í tán, òun àti Dúró, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa ọkọ̀ náà fún mi, gbé e dán wò. Dúró ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Ojú Gàfárù kò túká.

"Jíà kẹrin ń já bọ́ fúnra ẹ̀ tá a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Màá tún sọ ọ́ kalẹ̀."

Ẹ̀gẹ́ tí a ti wú wà nílẹ̀ lóko, ẹ̀gẹ́ kì í sì í dúró deni. Bí kò bá kúrò níbẹ̀ lọ́la, kò ní ṣe é yan mọ́.

Mo ní, "Gàfárù, kí Dúró máa lo jíà kẹta. Ọ̀nà wa ò jìn."

"Tẹ́ ẹ bá kó ẹ̀gẹ́ lé e, tó wá já ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíréèkì nìkan ò lè mú un, Mọ́mì."

"Ọlọ́run ń ṣọ́ wa."

"Àmín. Ká má kàn máa dán an wò."

Dúró ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti wa èyí tí ò ní bíréèkì rárá rí!"

"Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bi ẹ́ léèrè."

Mo ní, "Ẹ̀gẹ́ mi ńkọ́?"

"Ẹ ní kí wọ́n rẹ ẹ́ sódò, kó di fùfú."

"Gàrí ni mò ń yan! Gàrí ni wọ́n mọ̀ mí mọ́! Ṣé ìwọ lo máa bá mi kiri fùfú..."

Gàfárù tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. "Ẹ má bínú, Mọ́mì." Ó fa ọwọ́ jíà yọ nínú ọkọ̀, ó fi há abíyá kí ẹnikẹ́ni má bàa wà á lọ, ó sì jáde sí títì, ọ̀rọ̀ fùfú ṣì ń bọ̀ lẹ́nu mi.