Ta Lo Yọjú Wò?

Nínú gbogbo ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí ẹ́sítéètì 1000 Housing ní Maiduguri, èmi lojú mi mú jù. Ojú yẹn náà ló ń wo ìbéèrè ìdánwò ní yunifásítì bí ewúrẹ́ ṣe ń wo bánkì, títí mo fi kẹ́rù mi wálé.

Àárọ̀ ọyẹ́ kan ni, nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé. Eruku ti bo gbogbo ilé, òórùn kósáì, àkàrà àwọn Haúsá, tí wọ́n ń dín lẹ́nu géètì ti ń pè mí. Mo ń fọ eyín níwájú jígí ni mo rí ẹran róbótó kan, pupa rúsúrúsú, tó hù sára funfun ẹyinjú mi.

Mo sáré pe Màámi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, tíṣà sì ni wọ́n. Lójú tiwọn, ẹni tí nǹkan bá hù lójú ẹ̀ ti yọjú wo ẹni tó ń wẹ̀ ni. Wọ́n rọra bi mí, èyí tó burú ju ẹgba lọ: "Ta lo yọjú wò?"

Wallahi, mi ò wo ẹnì kankan. Nígbà ọyẹ́, èmi fúnra mi ń sá fún balùwẹ̀. Màámi ní tí mi ò bá bẹ ẹni náà, mi ò ní bá Bùkár, ọmọ ilé kejì, lọ wo ẹṣin Sálà tí wọ́n máa ń gùn lọ́jọ́ ọdún. Ẹṣin tí mo ti ń retí látọdún tó kọjá! Mo ro gbogbo obìnrin àdúgbò wò, ẹnu wọn ti mú jù. Bàbá mi ni mo mú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní kí wọ́n má bínú, mo rí wọn níhòòhò. Bàbá ní àwọn bá mi kẹ́dùn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹran ò kúrò. Màámi ní ẹlòmíì ṣì kù tí mi ò dárúkọ, àmọ́ kí ojú mi má baà fọ́, wọ́n wọ́ mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kan, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ládùúgbò Wulari. Dókítà tanná sí mi lójú, ó ní oòrùn àti eruku ibí ló fà á, kò lè fọ́ mi lójú, kí n ṣáà máa dé fìlà. Ló bá yíjú sí Màámi: "Ẹ̀yin náà ní in, mà. Ojú méjèèjì."

Màámi fa gèlè wọn wálẹ̀ bojú títí a fi délé. Mo lọ wo ẹṣin o, àmọ́ fìlà Bàbá bò mí dé imú, ìrù nìkan ni mo rí.

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn gbọ́n jù mí lọ, ó mọ ìgbà tó yẹ kó panu mọ́. Èmi tí mo ti dàgbà, tí mi ò níwèé, tí mi ò níṣẹ́, bí Màámi ṣe ń ṣa ìrẹsì lọ́jọ́ kan, mo bi wọ́n pé ojú méjèèjì ìjọ́sí, ta lẹ̀yin yọjú wò?

Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Bàbá ẹ."